Omi Tó Ń Pọ́n Nínú Bàfù

Bí bílíìṣì ṣe kan omi inú bàfù báyìí ni omi náà pọ́n. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo jókòó ti ìyá alágbàfọ̀ lórí àpótí, mò ń jẹ búrẹ́dì. Omi tó mọ́ gaara nígbà tí wọ́n pọn ọ́n dà bí ìgbà tí èèyàn fọ àdá tó dógùn-ún sínú rẹ̀, sùtánà funfun tó wà níbẹ̀ sì di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Òórùn bílíìṣì ń ta mí nímú. Ìyá alágbàfọ̀ ò pariwo. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Háà. Aṣọ oníaṣọ."

Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa ní Okokomaiko. Ìró ọwọ́ wọn lára aṣọ ló máa ń jí mi. Wọn kì í ṣe ẹbí mi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà títí ìyá mi á fi ti ọjà Alaba dé. Aṣọ funfun niṣẹ́ wọn: ti nọ́ọ̀sì, ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ẹni tó bá ń fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, orúkọ rere lọjà tó ń tà.

Àtìgbà tí onílé ti gbẹ́ bọ́họ̀lù tuntun ni aṣọ ti ń pọ́n. Bó bá ṣe ń pọ́n ni wọ́n ń da bílíìṣì sí i, bí wọ́n bá sì ṣe ń dà á ló túbọ̀ ń pọ́n.

Ìyá tó ni sùtánà náà dé lọ́sàn-án. "Mama! Ọ̀la lọmọ mi fẹ́ ṣèsàmì! Ṣé ẹrẹ̀ lẹ fi fọ̀ ọ́ ni?"

"Omi ni, ìyàwó mi. Ó máa ń mọ́ láàárọ̀ tá a bá pọn ọ́n, ṣùgbọ́n tó bá dúró, á yí padà."

Onílé gbọ́, ó jáde. Àgbà ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà kí n pè é ní "wọ́n". "Omi tèmi? Omi tí gbogbo àdúgbò ń rà?" Ó bu omi sínú ife lẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó mu ún tán. "Ẹ rí i? Ó mọ́ bíi dígí. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ lọ fọ̀."

"Ẹ bu òmíràn," ni ìyá alágbàfọ̀ wí, "kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ di ìrọ̀lẹ́."

Ayálégbé kan bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé alágẹmọ lomi ni, Mama?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbé ife kankan kalẹ̀. Àwọn oníbàárà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá, ìyá alágbàfọ̀ kó ẹrù wọn kúrò nínú ilé náà.

Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, ní Ojo níbí, ni olùkọ́ kẹ́místrì ṣàlàyé pé irin tó yọ́ sínú omi abẹ́ ilẹ̀ kì í hàn sójú. Tí atẹ́gùn bá kàn án, ọ́síjìn á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, irin á sì di ìdógùn-ún pupa. Bílíìṣì ń gbà á kíákíá ju atẹ́gùn lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìdánwò. Èmi gbé bírò mi kalẹ̀. Mo rò pé ẹkún ló ń bọ̀, mo tún rò pé ẹ̀rù ló bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ni. Mo bínú pé òótọ́ ni ìyá alágbàfọ̀ sọ. Mo bínú pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn da ohun tó ba aṣọ náà jẹ́, wọ́n rò pé àtúnṣe ni. Mo bínú jù pé ìmọ̀ yìí wà ní Ojo ní gbogbo ìgbà yẹn, ibi tí ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé kí ìyá mi tó dáná tán, kò sì rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Nọ́ńbà fóònù wọn ò lọ mọ́. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbà sọ fún wọn.

Olùkọ́ ní ohun kan ò lè pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kí òmíràn má gbà á. Mo rántí onílé, tó ń ta omi rẹ̀ lọ, tí orúkọ rẹ̀ mọ́ bíi dígí, nígbà tí orúkọ ìyá alágbàfọ̀ bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ẹnì kan kàn pàdánù ni, mo máa ń béèrè pé ta ló gba ohun tó pàdánù.