Olè Tó Sá fún Ebè

Lónìí ni mo rí olè tó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ adájọ́ pé kó rán òun lẹ́wọ̀n.

Làmídì ni, ọmọ àdúgbò wa ní Ṣakí níbí. Òun ló jí èèbù iṣu tí mo fẹ́ gbìn, ó sì sè é jẹ. Ẹni tó bá jẹ èèbù àgbẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ.

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni mo gbé lọ́kàn lọ sí kóòtù. Àfi bí adájọ́ ṣe ní, "Bàbá, ọgbà ẹ̀wọ̀n ti kún. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, gbogbo yàrá ló ń jọ yí. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún un?"

Mo ní, "Ẹ fún mi. Kó máa kọ ebè lóko mi títí n ó fi rí èèbù mìíràn."

Ni Làmídì bá dọ̀bálẹ̀. "Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀wọ̀n náà ti tó mi. Mo lè sùn lóòró."

Mo ní, "Làmídì ọmọ mi, oko mi fẹ̀, wàá ríbi nara sí."

Adájọ́ fi ìwé bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀la ni Làmídì ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti pọ́n ọkọ́ dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìjìyà olè ò le tó, èwo ló le jù, ẹ̀wọ̀n àbí ebè? Ẹni tó bá ní ẹ̀wọ̀n ni, kó kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi, kí n wò ó bóyá ọkọ́ ti bó awọ ibẹ̀ rí.