Ta Ló Sọ fún Yín pé Àǹtí Gani Ti Kú?

Bí ẹ bá dé oríta Rumuigbo lónìí, tí ẹ rí obìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, tó ń fẹ́ná lábẹ́ ẹja, tó sì ń bú àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gun orí páànù rẹ̀, Àǹtí Ganiyat nìyẹn. Kò kú. Mo tètè sọ ọ́ nítorí àwọn kan ṣì wà ní Port Harcourt yìí tí wọ́n ń jiyàn pé ó ti bómi lọ ní Iwofe lọ́dún 2015. Wọ́n ní tẹlifíṣàn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi Misbaudeen ọmọ Ọ̀fà, iṣẹ́ mi ni kí n máa tún tẹlifíṣàn ṣe. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kì sínú rẹ̀ náà ló máa ń pọ̀ jáde.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Àǹtí Gani, ará Okrika ni ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, bọ̀ọ̀lì tiwa tí àwọn ará ibí ń pè ní bólè. Lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá, ó kọ́ iṣẹ́ mìíràn tí kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí obìnrin Mùsùlùmí kan bá kú láàárín àwa Yorùbá ìlú yìí, ó wà lára àwọn tó ń wẹ òkú rẹ̀. Yóò wẹ̀ ẹ́ tán, yóò wẹ ara tirẹ̀, yóò pààrọ̀ aṣọ, kó tó padà sídìí iná. Ó ní ẹ̀san òun wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Alimat ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí a bá lè pe nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rẹ́. Ọ̀yọ́ ló ti wá, kò mọ ẹnì kankan. Àǹtí Gani gbà á sílé, ó kọ́ ọ ní ẹja yíyan. Nígbà tí ìyá Alimat wá kí i, tí àìsàn mú un, tó sì kú sọ́wọ́ wọn, Àǹtí Gani ló wẹ òkú náà, Alimat sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn ni Alimat bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní oríta pé omi tí Àǹtí Gani fi ń wẹ òkú ló fi ń fọ ẹja, pé ìdí nìyẹn tí èrò fi ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ilẹ̀ ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ta ló gba ààyè náà? Alimat ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn oríta ni Àǹtí Gani wá dáná sí. Èmi ń rà, Àkíbù tó ń lẹ táyà ń rà, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan láti yunifásítì tó wà ní Choba, nítorí ebi kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ àhesọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Testimony, ọmọ Ikwerre, tó ń bá àwọn kan kọ eré tẹlifíṣàn. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Gani jókòó, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Ọmọ náà sunkún gan-an, ẹja ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ló sáré dé. "Aunty, your story dey TV today!" Mo gbé tẹlifíṣàn tó tóbi jù síta, gbogbo wa jókòó tì í.

Nínú eré náà, ẹlẹ́ja kan wà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bà lórúkọ jẹ́. Ìbànújẹ́ pọ̀ fún un, ó rìn wọ omi Iwofe, ó kú. Kò pẹ́, ó tún jáde, omi ń kán lára rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ibi tó bá tẹ̀, iná ibẹ̀ a kú. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹja, ó ní òun fẹ́ aṣọ funfun àti ẹja tútù méje, kó kó wọn wá láìwọ bàtà, kó kúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹja tó wà lórí iná bá yanu, ó pe ọ̀rẹ́ náà lórúkọ.

Àkíbù kígbe, díẹ̀ ló kù kó da tábìlì mi nù. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ẹ̀san ti dé! Mo bojú wo Àǹtí Gani kí a jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ obìnrin náà ti le ojú.

"Testimony, wetin I do you wey you kill me?"

"Ah, Aunty! For film, person go first die before e get power."

"Power?" Ìbínú gbé Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n lé mi ní oríta, mo sùn, mo jí, mo ra èédú, mo dáná. Agbára wo ló tún kù? Ta ló sọ fún yín pé mo ti kú?"

Ọmọ náà kò gbọ́ èdè wa, àmọ́ ó gbọ́ ohùn. Ó dorí kodò.

A kò mọ̀ pé Alimat náà ń wo eré yẹn nílé tirẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó pa èédú rẹ̀, iná rẹ̀ kọ̀ kò ràn lọ́jọ́ Tuesday, kò ràn lọ́jọ́ Wednesday. Gbogbo wa mọ̀ pé òjò ni. Alimat ní tirẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Nígbà tó di ọ̀sán Thursday, a rí i tó ń bọ̀ láìwọ bàtà, aṣọ funfun wà ní èjìká rẹ̀, ẹja tútù méje wà nínú ọ̀rá. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹja pè mí lórúkọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ni mo bá sọ sí Àǹtí Gani létí: "Ẹ gbà á, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà á. Tó bá di ọ̀la, á ti sá kúrò ní oríta fún yín."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Misbaudeen, ìwọ náà? Tí mo bá gba ètùtù òkú lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mo fọwọ́ ara mi sọ irọ́ rẹ̀ dòótọ́?"

Ó yíjú sí Alimat. "Dìde. Wọ bàtà." Kò sí bàtà, ó bá ní kí n bọ́ sílípáàsì mi fún un. Mo bọ́ ọ.

"Níbo lo ti sọ ọ́?"

Alimat bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀.

"Mo ní níbo lo ti sọ ọ́?"

"Oríta ni, Àǹtí."

"Ó yá, oríta."

Ó kó ẹ̀yinná sínú páànù láti ìdí iná tirẹ̀, ó gbé e, Alimat gbé ẹja, èmi tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà bí ẹni tó lọ tọrọ àforíjì. Ní oríta, Àǹtí Gani pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ lójú gbogbo ayé, ó fi fọ ẹja méjèèje, ó da ẹ̀yinná sórí èédú tútù Alimat, ó fẹ́ ẹ títí ó fi ràn. Èrò ti pé lé wọn lórí.

"Alimat, ta ló wẹ ìyá rẹ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ń bu omi fún mi?"

"Èmi ni."

"Omi náà, níbo la dà á sí?"

Alimat bú sẹ́kún. Ọkùnrin kan ní, "Madam, she don beg, leave am." Àǹtí Gani kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo ní níbo la dà á sí?"

"Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé ni. Èmi ni mo fi yẹ̀pẹ̀ dí i. Ẹ̀kán kan kò kù. Irọ́ ni mo pa, Àǹtí. Ẹja yín ló dùn ju tèmi lọ."

"Sọ ọ́ ní Pidgin. Pidgin lo fi bà mí jẹ́."

Alimat nu imú. "Na lie I lie. No dead body water dey the fish. Na me cover that water for ground with my own hand."

Nígbà tí ẹja àkọ́kọ́ jiná, Àǹtí Gani gé e sí méjì, ó jẹ orí, ó fi ìrù lé Alimat lọ́wọ́. Alimat jẹ ẹ́, ata pẹ̀lú omijé. Ní ti aṣọ funfun náà, Àǹtí Gani ká a, ó ní òun yóò fi pamọ́ de òkú ẹni tí kò bá ní aṣọ ìsìnkú.

Kò lé Alimat kúrò. Ìdojúkọ rẹ̀ gan-an ló dáná sí lọ́jọ́ Monday, ní òdìkejì títì. Ó ní kó máa rí òun lójoojúmọ́. Àwọn oníbàárà padà wá, díẹ̀díẹ̀, ojú ń tì wọ́n, àmọ́ wọ́n wá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá àgbà kan kú ní Iwofe. Ìgbà tí èrò pọ̀ jù lórí ìlà ni wọ́n wá pe Àǹtí Gani. Mo rò pé yóò yọ́ lọ, pé yóò ní òun fẹ́ ra èédú. Obìnrin náà bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó nà gbọnrangandan, ó sì gbóhùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́:

"I dey go baff dead body. I dey come. Person wey no fit wait, make e go."

Mo ka àwọn tó wà lórí ìlà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Nígbà tó dé, tó ti wẹ̀, tó ti pààrọ̀ aṣọ, mọ́kànlá náà ló bá níbẹ̀.