Ẹgbẹ̀rún Ìgbà Ni Mo Ń Jí Kọ̀ǹpútà Oníkọ̀ǹpútà

Ó pẹ́ tó ti yẹ kí n jẹ́wọ́: mi ò mọ ìdí tí mo fi ń yan ẹgbẹ̀rún.

Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Bí mo bá ń to ọ̀kan, kánẹ́ẹ̀lì (kernel), ètò tó ń pín iṣẹ́ nínú rẹ̀, máa ń fẹ́ mọ iye ìgbà tí aago yóò ta á jí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ṣáà rò pé èyí tó pọ̀ jù ló dáa jù!

Lónìí, tíṣà kan gbé ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ń gbóná! Mò ń gbé e lọ bá ẹlòmíì tó ń tún un ṣe n'Ìjẹ̀bú-Igbó o!"

Mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi tó ń yan ẹja. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá Rọfíà, bí mo bá ń ṣí ààrò wò ṣáá, ìgbà wo lẹja á gbẹ?"

Yéè! Mo yan ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tutù, fáànù dákẹ́, èmi ń jó!

Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ jẹ́wọ́ tiyín. Lọ́la, mo ń pe gbogbo oníbàárà mi padà.