Bẹ́líìtì Tó Ṣì Dára

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo. Epo pupa ni mò ń wí, kì í ṣe bẹntiróòlù. Bí ó bá jẹ́ bẹntiróòlù ni, ǹ bá ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí Àrámọ̀kọ, n kò ní máa jókòó sọ ìtàn ọkọ̀ ògbólógbòó. Mò ń ra epo ní Erìò àti ní Ìjùrìn, mò ń tà á ní Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n, èmi fúnra mi ni mo sì ń wa ọkọ̀ mi. Nọ́ḿbà tó ń ka ibi tí ọkọ̀ náà rìn dé ti kú kí n tó rà á. Kò sí ẹni tó mọ iye tó ti rìn, àfi Ọlọ́run àti àwọn Jàpáánù tó ṣe é. Ìyá tó bí mi náà kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, síbẹ̀ ó ṣì ń gun òkè.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò lábẹ́ ọkọ̀ mi. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi, àgbà ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń wo ènìyàn bí ẹni ń wo ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì. Ó ní pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Mo ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní pọ́ǹpù yẹn kò sí níta, ẹ̀yìn bẹ́líìtì inú ló fara pamọ́ sí, bẹ́líìtì tó so òkè ẹ́ńjìnnì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè máa jó ijó kan náà. Kí òun tó dé ìdí pọ́ǹpù, òun gbọ́dọ̀ tú bẹ́líìtì.

"Bí mo bá sì ti tú u, Ìyá Elépo," ó ní, "tuntun ni màá fi sí i. Màá pààrọ̀ bẹ́ríìnì tó ń fà á le. Màá pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì níwájú. Rọ́bà omi méjèèjì yìí náà ti wú, ẹ fọwọ́ kàn án."

"Bẹ́líìtì yẹn ti já ni?"

"Kò tíì já."

"Bẹ́ríìnì yẹn ńkọ́? Ó ń pariwo?"

"Kò tíì pariwo."

"Ọ̀gá, ta ló ń sin ẹni tí kò tíì kú?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí.

"Ìyá, bẹ́líìtì kọ́ ni iṣẹ́, títú ẹ̀ ni iṣẹ́. Ọjọ́ kan gbáko ni màá fi tú u. Bí mo bá dá ògbólógbòó padà síbẹ̀, tó wá já lóṣù mẹ́ta òní, gbogbo ohun tí mo tú lónìí ni màá tún tú. Ìyẹn bó bá ṣe yín lóore. Nínú irú ọkọ̀ yín yìí, bó bá já lójú ọ̀nà, òkè á bọ́ lu ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn."

"Kí ló máa ń ṣe kó tó já? Ó máa ń ké ni?"

"Kì í ṣe nǹkan kan. Á kàn já ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mo mọ irú wọn. Bí ọkọ mi ṣe lọ nìyẹn: ó jẹun, ó bú mi, ó sùn, kò jí. Mo ní kó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Àṣà àwọn mẹkáníìkì wa ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá yọ, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n á gbé e lé ọ lọ́wọ́, kí o má baà lọ máa sọ kiri pé wọ́n jẹ owó rẹ láì pààrọ̀ nǹkan kan. Ó gbé tèmi lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n wò ó, kí n sì jù ú nù. Mo wò ó. N kò jù ú nù. Bẹ́líìtì náà dúdú minimini, eyín rẹ̀ pé, kò ya níbì kankan. Mo fà á, ó fà mí padà. Èmi tí mò ń ta epo, n kì í da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo pàápàá nù, ó ní àwọn tó ń rà á fi ṣe ọṣẹ. Báwo ni n ó ṣe ju ohun tí kò ṣe nǹkan kan nù? Mo fi kọ́ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Àbúrò mi obìnrin, èyí tí mo gbé pọ̀n, awakọ̀ ló fẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń ná Àrámọ̀kọ sí Ìjerò, irú ọkọ̀ tèmi gẹ́lẹ́ ló sì ń wà, bóyá ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ wọn, àwọn méjèèjì àti ọmọ mẹ́ta. Wọn kò ní oko, wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sinmi, ìkòkò náà á sinmi.

Oṣù kejì lẹ́yìn tèmi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ náà. Ó yà sọ́dọ̀ mi, ó ní mẹkáníìkì òun ní Ìjerò ní kí òun ra bẹ́líìtì tuntun mọ́ pọ́ǹpù. Ìyàwó òun ti kó owó bẹ́líìtì sílẹ̀ nínú àjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ti dán bí orí pásítọ̀ wọn, òun kò sì mọ èyí tí òun ó kọ́kọ́ rà.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Ẹnu mi kò mọ iṣẹ́ yẹn.

"Àna mi," mo ní, "wo ìṣó yẹn. Kí lo rí?"

Ó mú bẹ́líìtì náà sọ̀kalẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Àǹtí, èyí ò ṣe nǹkan kan."

"Ohun tí èmi náà wí nìyẹn. Bàbá mẹkáníìkì kan tí ẹ̀rù ń bà ló yọ ọ́ lára ọkọ̀ mi. Fi owó ìyàwó rẹ ra táyà, kí o máa mú èyí lọ."

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọlọ́run á..."

"Má tíì pe Ọlọ́run. A ò tíì dúnàádúrà."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní á bá mi ru epo lọ sí Ẹ̀fọ̀n ní ọjọ́ ọjà mẹ́wàá láì gba kọ́bọ̀, kí ọkọ̀ tèmi lè sinmi òkè. Ó gbà. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí àbúrò mi má gbọ́, torí bẹ́líìtì tuntun ni obìnrin náà mọ̀ pé owó òun ń lọ rà. Mo bi í pé ṣé mo jọ aláròká ni. Àwa méjèèjì tún rẹ́rìn-ín.

N kò ní parọ́ pé mo ti gbàgbé ohun tí mẹkáníìkì wí. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó kan ọkọ̀ tèmi, mo fi etí gbọ́ ọ. Nígbà tó kan ọkọ̀ àna mi, ojú ọjà ni mo fi wò ó.

Ìgbà mẹ́fà ló gbé kẹ́ẹ̀gì epo mi gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Gbogbo ìgbà tó bá padà dé láyọ̀, mo máa ń wí nínú ara mi pé bí wọ́n bá ti jẹ́ kí n kàwé ni, ǹ bá ti di gómìnà. Ní ìgbà keje, fóònù mi dún ní òwúrọ̀.

"Àǹtí, ọkọ̀ ti kú lójú òkè."

"Kí ló pa á?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, mà."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ṣì ku ọjà mẹ́ta. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo gbé mẹkáníìkì mi, a lọ bá a. Ó ti fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà, ó jókòó sí bèbè ọ̀nà, àwọn tó gbé ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti wá ọkọ̀ mìíràn. Ó ní kò pariwo, kò gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì kàn dákẹ́. Ìdarí ọkọ̀ le bí igi lọ́wọ́ rẹ̀, búrékì ń le sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn títí ó fi fi ìdí lu bèbè, tó dúró. Epo mi kò dànù. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo kò ṣubú. Ì bá tilẹ̀ dànù, ì bá dùn mọ́ mi nínú.

Mẹkáníìkì ṣí ìdérí, ó fa bẹ́líìtì tó já jáde. Kí ó tó yọ ọ́ lára ọkọ̀ mi lọ́jọ́sí, ó ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lójú mẹ́ta, kí ó lè mọ bí yóò ṣe to tuntun. Àmì mẹ́ta yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wo àna mi, ó wá wò mí.

"Mo ní kí ẹ jù ú nù, Ìyá."

"Mo rò pé ó ṣì dára ni."

"Ó ṣì dára lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́. Ìdí tí mo fi yọ ọ́ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà, gbogbo fáàfù rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìka arúgbó, orí písítìn ti dápàá. Kò sí àtúnṣe, àfi kó wá ẹ́ńjìnnì mìíràn, kò sì sí ibi tí yóò ti rí owó rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sẹ́yìnkùlé wọn. Adìyẹ yé sínú rẹ̀ kí oṣù tó parí. Àna mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ro oko kòkó lábẹ́ Ìjùrìn, ọkùnrin tí kò di ọkọ́ mú láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti rù.

"Àǹtí, ayédèrú ni wọ́n tà fún ọkọ mi. Owó àjọ mi ni mo kó sílẹ̀ fún bẹ́líìtì tuntun, oṣù mélòó ló lò? Mo ti mọ ṣọ́ọ̀bù tó ti máa ń ra páàtì ní Ìjerò. Ẹ múra, ẹ bá mi lọ bá a. Èmi ò mọ̀ ọ́n sọ, ẹnu yín ló mú."

"Kí ni ọkọ rẹ wí sí i?"

"Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ dá a lóhùn, Àǹtí. Ebi wà ní ilé wa, ó ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Bí n kò bá lọ, á bi mí pé kí ló dé. Mo gbé e, a lọ.

Ọkùnrin onípáàtì náà kò tíì pé ogójì ọdún. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí, ilé tí wọ́n ṣì ń bọ Ògún lọ́dọọdún. Ó tẹ́tí sí àbúrò mi títí ó fi sọ tirẹ̀ tán.

"Ìyàwó, pọ́ǹpù ni ọkọ yín rà lọ́dọ̀ mi. Kò ra bẹ́líìtì. Mo bi í, ó ní òun ti ní."

"Ó ti ní láti ibo? Ṣé bẹ́líìtì ń so lórí igi ni?"

Àwọn awakọ̀ ti pé jọ. Ọ̀kan ní igi bẹ́líìtì wà, ẹ̀yìn ilé bàbá òun ló wà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ dá a lóhùn."

Gbogbo ọjà Ìjerò ló mọ ẹnu mi. Mo ti fi bú agbowó-orí títí ó fi gbàgbé rísíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo kàn ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," àbúrò mi kò sì gbọ́, tàbí kó gbọ́, kó má gbà.

Onípáàtì náà mú sípánà ńlá kan, ó fi kan ahọ́n rẹ̀. "Bí mo bá ta bẹ́líìtì fún ọkọ yín, kí irin jẹ mí. Bí kò bá jẹ́ èmi, irin mọ ẹni tó fún un."

"Èmi ò bá ọ bọ irin," àbúrò mi wí, omi ti wà lójú rẹ̀. "Ọlọ́run ni mo ní. Ẹni tó fi bẹ́líìtì yẹn ba ilé mi jẹ́, kò ní jẹ èrè rẹ̀. Kò ní rí ẹni ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ní orúkọ Jésù."

Àwọn awakọ̀ ṣe àmín. Àbúrò mi wò mí, ó ń dúró de tèmi.

Mo ní, "Àmín."

Nígbà tí a ń bọ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀fun ló ń dùn mí. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ó gbóná, ó ní tí a bá délé òun á bá mi wá oyin. Ó sì wá a. Ó gbé e wá fún mi nínú ìgò kékeré, obìnrin tí kò ní iyọ̀ nílé.

Mo gbé ọkọ̀ mi fún ọkọ rẹ̀ láti máa fi ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjà. Ó ń wà á, ó ń jíṣẹ́ owó fún mi, a kì í dárúkọ bẹ́líìtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti múra láti sọ fún àbúrò mi. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́, á rí i pé ọkọ òun náà purọ́ fún òun, n ó sì fi bẹ́ẹ̀ tú ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwáwí tó dára ni. Mo ti ń lò ó láti ọjọ́ yẹn, kò tíì já.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò fi í mọ síbẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ ní gáréèjì, pé ayédèrú ni ọkùnrin yẹn ń tà, pé ó tún ń fi irin búra èké. Àwọn awakọ̀ yẹra fún un díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ṣe àmín yẹn ló kọ́kọ́ yẹra. Eruku bo ọjà rẹ̀.

Èmi ló kù tó ń rà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, bí mẹkáníìkì bá ti ṣí ibì kan lára ọkọ̀ mi, mo ní kó pààrọ̀ gbogbo ohun tó yí i ká, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, kó sì fi àdá gé ògbólógbòó lójú mi. Onípáàtì ni mo máa ń lọ bá. Ó máa ń dín owó fún mi, n kì í sì í bẹ̀ ẹ́ kó tó dín in.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ ra rọ́bà omi. Ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ kúrò, ó sì dì í fún mi.

"Ìyá," ó ní, "nínú gbogbo ẹni tó dúró níbí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́."

"Mo mọ̀ pé o ò purọ́."

Ó fa àga jáde, ó nù ún, ó ní kí n jókòó díẹ̀. Mo ní mò ń kánjú. Kò sí ibi tí mò ń lọ.