Ìtàn tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Ìyá Aránṣọ ti rán aṣọ ìyàwó fún ìdajì àdúgbò kí ọjọ́ ogbó tó gbé e dé ilé ìtọ́jú àgbà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé náà gbé kámẹ́rà dé, ó ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìtàn àwọn àgbà kí ìtọ́jú lè dára sí i. Màmá kò fepo bọyọ̀.

"Yàtọ̀ sí ọkọ mi olóògbé, ọkùnrin kankan ò rí ìhòòhò mi rí, àfi níbí tí ẹ ti ń rán ọkùnrin wá wẹ̀ fún mi. Obìnrin ni mo fẹ́."

Ọ̀gá sunkún. Wọ́n fi ìtàn náà han àwọn àlejò, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó máa ń wẹ̀ fún màmá náà ló tún gbé omi wọlé.

"Màmá, ìtàn yín wọ̀ mí lára o."

"O gbọ́ ọ, o tún gbé kànìnkànìn wá?" Màmá pòṣé. "Lọ pe ọ̀gá yín, ẹlẹ́kún òfìfo. Kó wá wẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀!"

Ọ̀gá wá tòun ti bàtà gogoro, omi tó dà sára ara rẹ̀ ju ti màmá lọ. Láti ọjọ́ náà, obìnrin ló ń wẹ̀ fún un. Wọ́n wá ní kí màmá dúpẹ́ níwájú kámẹ́rà.

"Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ò mọ̀ ju àtẹ́wọ́ lọ," ló wí, ó kọjú sógiri, "ọpẹ́ kí ni?"