Àgbo Tí Mo Bù fún Ọkọ Mi Láàárọ̀ Ìdánrawò

Ọ̀rọ̀ ẹnu ti sú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn mutí yó ti ibi ìkómọ bọ̀, tó fi ọ̀kadà já sí gọ́tà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè wọ́n jókòó pé ẹni tó bá mutí kó má wakọ̀. Wọ́n ní, "Àǹtí, a ti gbọ́." Wọ́n gbọ́ lóòótọ́, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ rédíò ará ilé kejì. Ìgbà yẹn ni mo rò ó pé ohun tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn ṣe ló lè wọ̀ wọ́n lára.

Mo ra awò ojú pọ́ọ́kú ní Òṣòdì, mo fi fasilíìnì kùn ún títí tí ojú ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á fi máa ṣe bàìbàì bíi ti ọ̀mùtí. Mo to ike omi sí pápá ilé ìwé kan nítòsí Ire-Akari. Bàbá ọmọ mi, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ló máa kọ́kọ́ wà á gba àárín ike yẹn láìwọ awò, kí wọ́n lè rí bí ẹni tójú ẹ̀ mọ́ ṣe ń wakọ̀. Bíà ò kan ẹnu ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹni tó bá ti mutí lónìí, kó má súnmọ́ kọ́kọ́rọ́ o!" ni mo wí.

"Páragà ńkọ́, Àǹtí?" ni ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Ọtí ni. Má yọ mí lẹ́nu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti fò sẹ́yìn bàbá ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Mi ò sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀.

Ó kọjá ike àkọ́kọ́. Táyà ẹ̀yìn gbá èkejì ṣubú. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wọ awò ni?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó tún fún un níná. Ó wó ẹ̀kẹta, ó wó ẹ̀kẹrin. Ògiri ló kù níwájú. Mo rí ọwọ́ kékeré ọmọ mi tó di irin mú.

"Dádì, ẹ tẹ búréèkì!" ni mo kígbe.

Ó tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan ló lè wọ àárín kẹ̀kẹ́ àti ògiri.

Bí mo ṣe ń fa ọmọ mi jáde ni òórùn ẹnu bàbá ẹ̀ kàn mí: ewé àti ọtí. Èmi ni mo rà á. Ìbàdí ló ń dùn ún láàárọ̀, mo sì lọ bá ìyá alágbo tó wà ní Ailegun pé kó bu àgbo jẹ̀dí tó le fún mi, èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ife kan ni mo fún un, sí inú òfìfo. Nílé wa, oògùn là ń pè é. Ìyá mi fún bàbá mi, èmi náà ń fún ọkọ mi.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Kí ló dé? Ṣé mo mutí ni?" Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì le. "Níwájú àwọn ọmọ yìí? O fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀mùtí? Gbé ọmọ wá, ká máa lọ sílé."

Ó ti ṣáná sí kẹ̀kẹ́.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á ti ọkọ mi. Tí mo bá dákẹ́, inú kẹ̀kẹ́ yẹn lọmọ mi máa bá dé títì. Mo di ọmọ mú, mo yíjú sí àwọn ọ̀dọ́.

"Àgbo jẹ̀dí ló mu. Èmi ni mo bù ú fún un. Mi ò kà á sí ọtí. Ẹ̀bi mi ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn nawọ́ sókè: "Àǹtí, èmi náà mu ún kí n tó wá." Òmíràn nawọ́. Òmíràn tún nawọ́.

Ọkọ mi paná. Kò fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, orí àga kẹ̀kẹ́ ló jù ú sí. "Má bá mi sọ̀rọ̀ lónìí," ló wí. Ó gbọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́rùn, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Mo fẹ́ sá tẹ̀lé e. Àmọ́ ọwọ́ ti di mẹ́fà lókè, mi ò sì tíì mọ èwo nínú wọn ló gbé ọ̀kadà wá.