Ìkòkò Àgbo Tí Gbogbo Ilé Ń Mu

Ní kékeré mi ní Máfòlúkù, ìkòkò kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí kì í kúrò lórí iná. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi, pé mò ń dìde, mò ń jókòó. Láti àárọ̀ ni ara mi ò ti balẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìdí ẹ̀.

Màmá mi ló ni ìkòkò náà. Ewé dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, koríko ọba àti òroǹbó ni wọ́n máa ń kó sínú ẹ̀ kí wọ́n tó lọ ta aṣọ lọ́jà Aswani. Ilé ayálégbé ni ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá, gbogbo wa la sì ń mu níbẹ̀. Ibà ni o, inú rírun ni o, ife kan ni. Ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀wà, ẹja àti ọsàn là ń jẹ, ara wa sì le koko. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Mi ò ní parọ́ fún yín, àgbo yẹn dáa. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé kò sí ìyàwó ilé tí kì í fi nǹkan kún un. Eléyìí á já efinrin wá, tọ̀hún á ju èèpo igi kan sí i, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì pé kí lo fi síbẹ̀. Tí o bá béèrè, wọ́n á ní ò ń fura sí àwọn.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà náà. Ara ẹ̀ gbóná láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá mi sì bu àgbo fún un bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kí oòrùn tó kàntàrí, ọmọ náà ti ń bì, lẹ́yìn náà ó sun oorun kan, a pè é, pè é, kò jí. Màmá mi pọ̀n ọ́n, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn, ó di ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Òṣòdì. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé kí ni ọmọ yìí mu. Màmá mi dárúkọ ewé wọn. Nọ́ọ̀sì ní ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Màmá mi ní àwọn ò mọ ohun tí àwọn ará ilé tún fi kún un. Dókítà ní àwọn ń ṣe èyí tí àwọn lè ṣe, àmọ́ ohun tó mú ọmọ náà báyìí kì í ṣe ewé ìbẹ́pẹ, ká yáa lọ wádìí ẹ̀ wá kíákíá. Bí wọ́n ṣe rán mi sílé nìyẹn.

Mo sáré délé, mo kan gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹni tí mo bá bi á ní òun ò fi nǹkan kan sí i. Ẹni tí mo fojú ara mi rí lọ́jọ́ tó ṣáájú tó ń ju èèpo igi sínú ìkòkò, ó wò mí lójú, ó ní òun ò dé ẹ̀yìnkùlé. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní àjẹ́ tó pa ọmọ ọlọ́mọ? Mò ń lọ, mò ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mò ń sunkún, ọkàn mi ń sọ fún mi pé àbúrò mi ti kú.

Ọ̀dọ́mọdé ìyàwó kan wà ní yàrá ìpẹ̀kun. Kò tíì rí oyún ní, àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ sì ti ń sọ̀rọ̀ sí i lára. Òun ló jáde sí mi, ó di nǹkan kan mọ́wọ́.

Ó ní, “Èmi ni mo fi gbòǹgbò sí i. Mú mi lọ bá wọn.”

Ìyá ẹ̀ ló fi gbòǹgbò náà ránṣẹ́ sí i láti ìlú wọn, kó lè lóyún. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tóun ti ń se oògùn ọmọ, ló ṣe jù ú sínú ìkòkò gbogbo ilé, kó lè máa bu tiẹ̀ mu láìsí ẹni tó máa bi í ní nǹkan kan. Kò mọ̀ pé ó lè ṣe ọmọdé léṣe.

Dókítà wo gbòǹgbò náà, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó sì mọ ohun tó máa ṣe. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àbúrò mi ti lajú, ó ń ké fún ọyàn. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ibi tó dùn mí nìyí o. Bí ilé ṣe gbọ́ pé gbòǹgbò ẹ̀ ni, àwọn tó parọ́ fún mi gan-an ló kọ́kọ́ la ẹnu. Wọ́n ní àgàn ni, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nígbà tí gbogbo wa fi máa délé, àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ ti kó ẹrù ẹ̀ síta. Ó yíjú sí màmá mi, ó ń retí kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan. Màmá mi wolẹ̀. Wọn ò sọ pé obìnrin yìí ló jẹ́ kí ọmọ mi yè. Ó gbé ẹrù ẹ̀, ó lọ, a ò sì gbúròó ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, àmọ́ inú ṣì ń bí mi sí wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ayé ti yí. Kò sẹ́ni tó ń gbé ìkòkò kaná lẹ́yìnkùlé mọ́. Àgbo ti wọnú ike, ó ti di páúdà, orí fóònù lẹ ti ń rà á, wọ́n á gbé e wá bá yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ó ní ewé àti egbò lásán ni, kò sí kẹ́míkà níbẹ̀. Ó dáa, ewé wo? Egbò wo? Ẹ ò mọ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Àgọ́ Palace, láàárọ̀ yìí ni mo rí irú ike bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Kò sí àìsàn kankan lára ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ò mọ̀ sí i. Bí mo ṣe bi í ló bú sẹ́kún, kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ ló ń wá.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbọ́.”

Ojú tó ń ti obìnrin láyé ọjọ́sí ṣì ń tì í báyìí, ìtìjú yẹn nìkan ni ò yí padà. Mo ti ní kó gbé ike náà dání, a jọ ń lọ bá dókítà lọ́sàn-án yìí. Ìyá ọkọ ẹ̀ sì ń bọ̀ wá kí wa nírọ̀lẹ́. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè jókòó. Tó bá gbọ́, tó sì fẹ́ bú ọmọ mi, èmi ló máa kọ́kọ́ bá. Mi ò ní wolẹ̀.